Èmi Kì Í Ṣe Ìsípẹ́kítọ̀, Bàbá Mi

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi. Ẹ kú ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú wàhálà wa láti ọjọ́ yìí wá. Mo kí Màámi, mo kí Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ ilé, mo sì kí gbogbo ará àdúgbò tí wọ́n ṣì ń pè yín ní Ọ̀gá Tíṣà, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí ẹ ti fẹ̀yìn tì.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ kí lẹ́tà yìí di ohun tí gbogbo ayé ń kà. Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kí n pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ jáde nílé. Ohùn obìnrin kan tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin nìkan ṣoṣo, ẹ gbé e sórí Wásáàpù àwọn ọmọ àdúgbò wa, níbi tí ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Èkó, ará Kánò àti ará Accra ti ń pàdé. Ibẹ̀ náà ni lẹ́tà yìí ń lọ. Àwọn tó gbọ́ ohùn yẹn tí wọ́n rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ kí wọ́n ka èyí náà.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí dáadáa nínú wọn, èmi ni àbígbẹ̀yìn Ọ̀gá Tíṣà. Ọdún kejì mi rèé ní Accra. Mo ń kàwé fún oyè kejì ní yunifásítì, lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń bá Àǹtí Mọ́sùn, àbúrò Màámi, tajà ní Adabraka: aṣọ, ọṣẹ, mílíìkì alágolo. Ọṣẹ dúdú wa yìí, ọṣẹ Alata ni wọ́n ń pè é níbí, Alata náà sì ni wọ́n ń pe àwa tí a ti ilẹ̀ Yorùbá wá. Oòrùn ibí mú, omi òkun sì wà nínú ooru rẹ̀, aṣọ tí mo bá sá láàárọ̀ á ṣì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́. Owó ò pọ̀, ṣùgbọ́n ebi ò pa mí. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ ni àárò ilé. Mo lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kan láìsí ẹni tó máa pè mí ní Àbẹ̀kẹ́.

Ẹ ti bi mí lórí fóònù, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé kí ni wọ́n ń kọ́ mi gan-an, nígbà tó jẹ́ pé mo ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó kúrò nílé. Mo sọ fún yín pé bí a ṣe ń ṣèwádìí ni. Ẹ ní ṣé kéèyàn máa wo kíláàsì oníkíláàsì náà ni wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni. Wọ́n ń kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó wò, kó gbọ́, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ láì tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, bírò pupa ni wọ́n fi fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi káàkiri. Mo kọ ọ́ pé ó ti rẹ tíṣà náà, pé àwọn ọmọ kò fẹ́ẹ́ kàwé. Wọ́n bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní ojú wọn ni mo wò. Wọ́n ní kí n lọ kọ ojú náà bí mo ṣe rí i, kí n fi ìdájọ́ sílẹ̀.

Ó pẹ́ kí ó tó wọ̀ mí lórí. Inú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, máàkì la fi ń jẹun. Ẹ máa ń fún ìwé wa ní máàkì, ẹ máa ń fún ilẹ̀ tí a gbá ní máàkì, ẹ tún máa ń fún ọbẹ̀ Màámi ní méje nínú mẹ́wàá, kí wọ́n má baà gbéra ga.

Ilé-ìwé aládàáni kékeré kan ní Darkuman ló gbà mí láyè láti wá ṣe ìwádìí mi. Olùkọ́ mẹ́ta ló gbà kí n jókòó sí kíláàsì àwọn. Mi ò kọ orúkọ wọn sínú ìwé mi. Olùkọ́ Kìíní, Olùkọ́ Kejì, Olùkọ́ Kẹta ni mo kọ. Olùkọ́ Kejì lẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Orúkọ yẹn náà ni n ó máa pè é níbí, nítorí mo buwọ́ lu ìwé níwájú rẹ̀ pé kò ní sí ẹni tó máa tipasẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Accra ni wọ́n bí i sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti ilẹ̀ wa wá, ilé wọn sì wà ní Cow Lane títí dòní. Yorùbá rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kó fi Twi, èdè àwọn ará ibí, parí rẹ̀, kó sì máa wò mí bóyá mo bá a dé ibi tó ń lọ.

Ẹ̀rù mi kọ́kọ́ bà á. Ó rò pé ìsípẹ́kítọ̀ ilé-ìwé ni mí. Bí mo bá ti wọlé, àwọn ọmọ á dìde, wọn á fi orin kí mi, ohun tí wọ́n sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa kọ́ wọn. Mo mọ̀ nítorí pé wọ́n ti ń dáhùn kó tó bi wọ́n tán. Mo sọ fún un pé mi ò wá fún un ní máàkì, kò gbà mí gbọ́. Mo bá a jẹ kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àwọn ará ibí, pẹ̀lú ẹja díndín lásìkò ìsinmi. Mo bá a gé páálí tó ń ya àwòrán sí. Ó tilẹ̀ wá ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi ní Adabraka, ó ná an títí Àǹtí Mọ́sùn fi ní Alata gidi ni. Ó gbà tó oṣù kan. Lọ́jọ́ kan ló wá gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti ń dúró dè láti ìgbà tí mo ti débẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì náà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti Nàìjíríà. Láti ìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀, kò la ẹnu rí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu géètì ilé-ìwé náà pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ nínú ọgbà. Ọmọ náà kò sì ní Gẹ̀ẹ́sì kankan lẹ́nu, ló bá pa ẹnu dé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Olùkọ́ Kejì ti ilẹ̀kùn. Ó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó sì fi Yorùbá bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ọmọ náà dáhùn. Olùkọ́ náà yíjú sí àwọn tó kù, ó fi Twi bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà, kíláàsì bá dàrú, oníkálukú ń sọ ohun tó jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni apá kìíní ohùn tí mo gbà sórí fóònù parí sí.

Ní apá kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì bọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan á sọ, òmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin yẹn dìde. Ó sọ ohun tó jẹ, ó sọ ẹni tó sè é, ó sọ ibi tó ti jókòó jẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, láìsí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Mo sunkún lórí àga mi. Mi ò kọ ìyẹn sínú ìwé.

Kí n tó sọ tiyín, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Inú tírótíró, ọkọ̀ èrò ibí, ni mo wà nígbà tí mo fi apá méjèèjì ránṣẹ́ sí yín. Mi ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tí mo buwọ́ lù kò yọ bàbá mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn jù, tíṣà sì ni yín, mi ò mọ ẹlòmíràn tó máa gbọ́ ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀yin nìkan ni mo fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ pè mí padà lọ́jọ́ kejì. Ẹ ní ẹ ti gbọ́ méjèèjì dópin. Ẹ ní obìnrin náà mọ iṣẹ́, ẹ ní ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n tú ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá mi, ẹ kì í yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ yín. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri fún ọjọ́ mélòó kan, mo ń rìn bí ẹni tó gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ẹ gbé apá kìíní sórí Wásáàpù. Apá kìíní nìkan. Ẹ kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé Àbẹ̀kẹ́ yín ti di ìsípẹ́kítọ̀ ní Gánà, pé kí àwọn èèyàn wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Darkuman, pé láyé tiyín, irú tíṣà bẹ́ẹ̀ kò ní pé oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ń sín in jẹ, ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ Gánà ti bàjẹ́. Ẹ̀yin náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, mo rí i. Ìyá kan wà nínú wọn tó ń tajà ní Accra níbí, ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé náà. Kò pẹ́ rárá tó fi dá ohùn náà mọ̀. Kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti dé etí ọ̀gá tó ni ilé-ìwé.

Ọ̀gá náà ní kí Olùkọ́ Kejì máa lọ sílé ná. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òun ṣèlérí fún àwọn òbí, kí ni kí òun wá sọ fún wọn. Mo bá a níbi tó ti ń yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri, àwọn páálí tí a jọ gé. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ń to àwọn páálí náà léra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá bi mí ní Yorùbá, láì fi Twi kankan sí i, pé ṣé ìsípẹ́kítọ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká ẹran ọbẹ̀ mọ́ lọ́wọ́.

Mo pè yín lọ́jọ́ náà. Ẹ ní mò ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Ẹ ní ẹ fi mí yangàn ni, ẹ ní bí iṣẹ́ obìnrin náà bá dára, kí ló ń bẹ̀rù. Mo bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi apá kejì sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ní ó ti gùn jù. Mo tún bi yín. Ẹ wá ní apá kejì kò lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ ò mọ̀. Ẹ mọ̀, ẹ sì mú èyí tó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ dalẹ̀ mi, Bàbá mi. Mo ti wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò rí i.

Àǹtí Mọ́sùn ní kí n mú un mọ́ra. Wọ́n ní ta ni mo rí rí tó kọ lẹ́tà ìbínú sí bàbá rẹ̀, pé bí mo bá padà délé, ojú ta ni mo fẹ́ fi wo Màámi. Mo ní mi ò mọ̀. Òjò rọ̀ ní Adabraka lọ́sẹ̀ yẹn, omi gba ojú títì, a ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀ mọ́ ara wa sínú. Mo jókòó láàárín ọṣẹ, mo ń gbìyànjú láti kọ ohun tí mo rí láì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo kọ ọ́ pé bàbá kan gbọ́ ohùn kan, ó yìn ín, ó sì tún fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kà á, mo ya á.

Mo ní láti mẹ́nu ba ohun kan tí ẹ rò pé mi ò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìsípẹ́kítọ̀ wá sí ilé-ìwé yín. Ó bá yín níbi tí ẹ ti ń fi Yorùbá ṣàlàyé ìwé kíkà fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Kò jókòó. Ó wò yín láti ẹnu ọ̀nà, ó kọ nǹkan, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ìwé rẹ̀ síta níwájú gbogbo tíṣà, wọ́n ní tíṣà kan wà níbẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó ti ẹni tó ń kọ́ ọmọ. Ẹ dé ilé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ tú táì yín, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn ilé lórí àpótí Màámi. Odindi ọjọ́ méjì ni ẹ ò jẹun dáadáa. Mo wà lábẹ́ fèrèsé nígbà tí ẹ ń sọ fún Màámi pé àwọn ọmọ náà ti ń kà á bọ̀, pé ìsípẹ́kítọ̀ kò dúró gbọ́ ìparí. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, pé kò dúró gbọ́ ìparí.

Láti ìgbà yẹn lẹ ti ń nà wá bí a bá sọ Yorùbá nídìí ìwé. Mo ti dárí ìyẹn jì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìsípẹ́kítọ̀ tiyín kò gbọ́ ìparí. Ẹ̀yin gbọ́ ọ, ẹ sì gé e kúrò.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́ mi ní yunifásítì. Wọ́n ní kí n dá iṣẹ́ dúró ní ilé-ìwé náà, kí n kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí mo ṣẹ̀. Ni mo bá lọ sí Cow Lane. Ìyá rẹ̀ gbé àga fún mi, òun fúnra rẹ̀ kò tètè jáde. Nígbà tó jáde, mo rán an létí ohun tó wà nínú ìwé tí a jọ buwọ́ lù: pé nígbàkígbà tó bá wù ú, ó lè ní òun ò ṣe mọ́, gbogbo ohun tí mo gbà lẹ́nu rẹ̀ yóò sì di píparẹ́. Ó ní kí n pa á rẹ́. A jókòó pọ̀, mo ń pa wọ́n rẹ́ lójú rẹ̀, ẹ̀kọ́ mẹ́fà, iṣẹ́ gbogbo sáà kan. Nígbà tó ku apá tí ọmọbìnrin yẹn ti sọ̀rọ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní èyí ló lè gbè é, kó jẹ́ kí n gbé e lọ fún ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá. Ó ní ohùn ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀, pé ìyá ọmọ náà gbà kí n fi kẹ́kọ̀ọ́ ni, kò gbà kí a fi jà. Obìnrin tí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, òun ló rántí ohun tí èmi ti fi ọdún méjì kọ́. Mo pa á rẹ́.

Mo ti ka lẹ́tà yìí fún un kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní kí n yọ nǹkan méjì, mo yọ wọ́n. Ó tún ní kí n fi ohun kan sí i, òun náà rèé. Ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún un pé bí àwọn òbí bá gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó tàn án kálẹ̀, òun á gbà á padà nígbà tí sáà tuntun bá wọlé. Lẹ́nu tèmi kò tó, akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni mí. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Tíṣà ni wọ́n gbà gbọ́ nígbà tó ń fi í ṣẹ̀sín, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Tíṣà náà ni wọ́n máa gbà. Kò sí ẹ̀rí mọ́ lọ́dọ̀ mi, kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà apá kejì kan ṣoṣo tó kù láyé wà nínú fóònù yín. Olùkọ́ Kejì ní kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀yin nìkan, kí ẹ sì pa méjèèjì rẹ́. Ẹ má gbé apá kejì sórí Wásáàpù, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ máa ṣe é láǹfààní. Ẹnu yín ló fẹ́ kí ẹ fi sọ ohun tí ẹ gbọ́, níbi tí ẹ ti fi í rẹ́rìn-ín.

Inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí mi ò gbàdúrà fún yín. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà ara, á jẹ́ kí n bá yín láyé nígbà tí mo bá padà wá, á sì jẹ́ kí ojú wa lè ko ojú. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ sọ fún wọn pé gààrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ dé, mo sì ń fi omi tútù mu ún nínú ooru yìí. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú, ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò, àti àwọn tó rẹ́rìn-ín àti àwọn tí kò rẹ́rìn-ín.

Apá kejì kò gùn, Bàbá mi. Ẹ jókòó tì í dópin.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí láti gbọ́ ohùn yín,
Àbẹ̀kẹ́.